Bàbá Kẹ́mi Ra Máìlì

(Agogo 11:38 alẹ́. Bàbá Kẹ́mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, iná fóònù ń tàn yòò sí i nímú.)

ÌYÁ KẸ́MI: Ẹ ò tíì sùn?

BÀBÁ KẸ́MI: Oorun bíi ti báwo? Ẹ́láíìnì ń ta máìlì, pọ́ìntì tí wọ́n ń gbà dípò owó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, pẹ̀lú bónọ́ọ̀sì 100%, agogo méjìlá òru yìí ló máa parí, ìwọ ń pe oorun. Bá mi mú káàdì yẹn lápò ṣòkòtò mi.

ÌYÁ KẸ́MI: Ibo lẹ ń lọ?

BÀBÁ KẸ́MI: O ò gbọ́ nǹkan tí mo sọ ni? Tó o bá ra 50,000, wọ́n á fún ẹ ní 50,000 mìíì. Ọ̀fẹ́!

ÌYÁ KẸ́MI: Mo gbọ́ o. Ibo lẹ ń lọ?

BÀBÁ KẸ́MI: Ṣó o rí i, ìdí tí ìwọ ò fi lè ṣòwò ńlá nìyẹn, ojú ẹ kì í ríran kọjá imú. Olówó kì í bèèrè ibi tó ń lọ, olówó máa ń ra máìlì sílẹ̀ ni.

ÌYÁ KẸ́MI: Èló ni wọ́n ń ta 50,000 ọ̀hún?

BÀBÁ KẸ́MI: (ó wúkọ́ díẹ̀) 1,750 dọ́là.

ÌYÁ KẸ́MI: Ọ̀fẹ́ yẹn ló ń jẹ́ 1,750 dọ́là?

BÀBÁ KẸ́MI: 50,000 àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gbowó ẹ̀! Sẹ́ǹtì 3.5 ni máìlì kan, bónọ́ọ̀sì ti gé e sí 1.75. Ènì rèé o, ènì tó tó ọjà fúnra ẹ̀!

ÌYÁ KẸ́MI: Tí ènì bá ti tó ọjà, kéèyàn tún ọjà yẹn yẹ̀ wò. Ta ló tiẹ̀ ń rà á ní 3.5? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fi ímeèlì wọn hàn mí lóṣù tó kọjá, 80% nìyẹn, wọ́n ní àǹfààní ìkẹyìn. Èyí tó ṣáájú ẹ̀, wọ́n fi bónọ́ọ̀sì pamọ́, àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́ kó tó rí iye tó kàn án, ìyẹn náà ìkẹyìn ni. Irú àlejò wo ló ń dágbére látàárọ̀ tí ò dìde lórí àga?

BÀBÁ KẸ́MI: Bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì ni mò ń rò ní tèmi. Àga ibẹ̀, tó o bá tẹ bọ́tìnnì, á na ara ẹ̀ títí á fi di bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á gbé táwẹ̀lì gbígbóná wá fún ẹ, wàá fi nujú.

ÌYÁ KẸ́MI: Bẹ́ẹ̀dì lẹ jókòó lé yìí. Ẹ jẹ́ n lọ ki táwẹ̀lì bọ omi gbígbóná, kẹ́ ẹ kó 1,750 dọ́là yẹn fún mi.

(Ó yẹ kó parí síbí, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ irú bàbá yìí, ẹ má wojú mi. Ariwo ẹ̀ ti jí Kẹ́mi.)

KẸ́MI: Dádì, ṣé ẹ ti kọ́kọ́ wò ó bóyá àga wà? Torí kì í ṣe gbogbo àga inú bàálù ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún oní-máìlì o, nígbà míì méjì péré, nígbà míì òdo.

BÀBÁ KẸ́MI: Èèyàn á ra máìlì ná, àga á tẹ̀ lé e.

KẸ́MI: (ó gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀) Ẹ wò ó. Tíkẹ́ẹ̀tì yìí, tẹ́ ẹ bá fowó rà á, 640 dọ́là. Tẹ́ ẹ bá fi máìlì rà á, 62,000, ẹ ó tún san 210 dọ́là owó orí àti owó epo lé e. 62,000 lọ́nà 1.75 sẹ́ǹtì, 1,085 dọ́là. Ẹ fi 210 kún un, 1,295.

ÌYÁ KẸ́MI: Ọ̀fẹ́ ti di ìlọ́po méjì.

BÀBÁ KẸ́MI: Dúró ná! Tíkẹ́ẹ̀tì ibo nìyẹn?

KẸ́MI: Mo kàn mú ibì kan ni Dádì, torí ẹ ò dárúkọ ibì kankan. Tó bá jẹ́ bísínẹ́ẹ̀sì, tẹ́ ẹ ti rí àga, tẹ́ ẹ ti mọ ọjọ́, ó lè pé yín dáadáa, torí tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ gan-an ọ̀wọ́n gógó ni. Ọjọ́ wo lẹ ń lọ?

BÀBÁ KẸ́MI: Ẹ̀yin èèyàn yìí ò fẹ́ ire fún mi. Gold, oyè àwọn oníbàárà pàtàkì wọn, ni mo fẹ́ dà! Kí wọ́n máa pè mí wọ bàálù kí gbogbo ayé tó wọlé!

KẸ́MI: Máìlì téèyàn rà kì í kà síyẹn, Dádì. Ẹni tó bá ń fò ni wọ́n ń sọ di Gold.

ÌYÁ KẸ́MI: Tó bá sì máa fò, ó gbọ́dọ̀ níbi tó ń lọ.

(11:57. Bàbá Kẹ́mi ti fúnra ẹ̀ dìde lọ mú káàdì. Ó tẹ nọ́ńbà ẹ̀ sórí fóònù. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́, lẹ́tà wínníwínní, pé owó tó bá ti wọlé kì í padà. Ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń rà á síbẹ̀síbẹ̀. 12:04, fóònù dún: "Ìròyìn ayọ̀! A ti fi ọ̀sẹ̀ kan kún bónọ́ọ̀sì wa!" Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyá Kẹ́mi kàn yí ojú sógiri, èjìká ẹ̀ ń mì.)

(Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n kanlẹ̀kùn, wọ́n gbé páálí ńlá kan wá.)

ÌYÁ KẸ́MI: Kí lèyí?

BÀBÁ KẸ́MI: Wọ́n ní tí mi ò bá ná nínú máìlì yẹn, gbogbo ẹ̀ á kú lóṣù yìí. Mo wá ní kí n tètè lo 62,000 yẹn fún tíkẹ́ẹ̀tì, àṣé wọ́n ti sọ ọ́ di 104,000, wọn ò sọ fẹ́nì kankan. Ni mo bá fi 38,000 gba báàgì ìrìnàjò yìí. Wo táyà ẹ̀! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí!

KẸ́MI: (ó ń wo fóònù) Dádì, 95 dọ́là ni wọ́n ń ta báàgì yìí.

ÌYÁ KẸ́MI: Ẹ má dá a lóhùn. Báàgì yẹn dáa. Ó rẹwà. Ibo lẹ ń gbé e lọ?

BÀBÁ KẸ́MI: (ó ronú títí) ...Yàrá.

(Ó wọ́ ọ lọ, táyà ń dún kírí kírí kírí.)