Ta ló ní bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ rọrùn láti gbá?

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níbi tí a ti ń sun ẹran lẹ́yìnkùlé ọ̀rẹ́ mi kan ní Houston, ẹnì kan gbé fídíò béésìbọ́ọ̀lù jáde lórí fóònù. Ajubọ́ọ̀lù sọ bọ́ọ̀lù sókè réré, bọ́ọ̀lù ń rọra bọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ, onígi fi igi gbá atẹ́gùn, kò bá nǹkan kan. Ni ẹ̀gbọ́n wa kan bá ní, "Èyí náà ló le? Ìyá mi á gbá a!" Wọ́n ní ṣebí Ted Williams, ọ̀gá onígi ayé àtijọ́, gbá a kọjá ògiri, kí ló tún kù?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kí wọ́n ṣáà ti dárúkọ eephus, bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ tí wọ́n ń sọ sókè réré yìí, wọ́n á ní eré ọmọdé ni, pé ẹni tójú rẹ̀ bá ríran á gbá a. Ted Williams tí wọ́n ń pè lẹ́rìí gan-an ló tú wọn fó.

Rip Sewell, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Pittsburgh Pirates, ló sọ bọ́ọ̀lù yìí di olókìkí. Ìbọn ọdẹ bà á lẹ́sẹ̀ ní December 1941, ó sì di dandan kó yí bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù padà. Ibẹ̀ ló ti rí èyí tó ń lọ sókè tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 25 kó tó já bọ́ níwájú onígi. Maurice Van Robays tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní eephus kò jẹ́ nǹkan kan, bọ́ọ̀lù náà kò sì jẹ́ nǹkan kan. Pẹ̀lú nǹkan tí kò jẹ́ nǹkan kan yìí lọ́wọ́, Sewell borí nígbà 21 ní 1943, ó tún borí nígbà 21 ní 1944. Ó dáa, ogun ti kó ọ̀pọ̀ àgbà òṣèré lọ nígbà yẹn, mo gbà. Àwọn tó ṣẹ́kù náà kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ó wá di July 1946, ìdíje All-Star, ti àwọn ìràwọ̀ òṣèré, ní Fenway Park, Boston. Williams, tó ṣàṣeyọrí nígbà bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá tó gbá bọ́ọ̀lù ní 1941 (.406), ló di igi mú. Sewell ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé òun máa ju eephus sí i. Àkọ́kọ́ dé, Williams gbá a ṣìnà. Nígbà tó yá tó fi gbá a kọjá ògiri, ṣe ló rìn pàdé bọ́ọ̀lù, ó jáde kúrò nínú àpótí tó yẹ kí onígi dúró sí. Àwòrán ọjọ́ náà wà, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ nígbà tó yá. Lábẹ́ òfin, ó yẹ kí wọ́n ní kó lọ jókòó nìyẹn. Adájọ́ kò sọ̀rọ̀. American League, ẹgbẹ́ Williams, ti ń na ẹgbẹ́ Sewell bí ẹní lu bàrà. 12 sí 0 ni wọ́n parí ẹ̀. Ọ̀gá àwọn onígi, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún, tó ti rí i lẹ́ẹ̀kan, ṣì ní láti rú òfin kó tó gbá a. Ẹ̀rí pé ó rọrùn dà níbẹ̀?

Wọ́n á tún mẹ́nu ba Tony Pérez, onígi tó gbá a kọjá ògiri ní 1975. Ajubọ́ọ̀lù Bill Lee ti kọ́kọ́ jù ú fún un ṣáájú, Pérez ti ń retí ẹ̀.

Tony Horton, onígi Cleveland, ńkọ́? Ní 1970, Steve Hamilton, ajubọ́ọ̀lù Yankees, ju irú ẹ̀ sí i, ó gbá a ṣìnà. Horton ní kó tún jù ú wá. Ó tún gbá a sókè, wọ́n hán an. Horton rá kòrò padà síbi ìjókòó wọn.

Èmi náà ti jẹ nínú ẹ̀. A máa ń gbá béésìbọ́ọ̀lù ní Sunday, bàbá ará Cuba kan sì wà láàárín wa tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ju méjì tó le, ara mi ti gbóná, ó wá sọ ẹ̀kẹta sókè. Mo rí i o, kedere! Mo tún ráyè ronú ibi tí màá gbá a sí. Ìgbà tí mo fi igi mi yí po tán, bọ́ọ̀lù ṣì ń bọ̀. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré máìlì 95 ní wákàtí kan kì í tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé. Èyí ń lò ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ, ó sì ń já wálẹ̀ gbọnrangandan nígbà tí igi ń lọ ní ìbú. Bí gbogbo bọ́ọ̀lù bá jẹ́ jẹ́jẹ́, ojú á mọ́ ọn, ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Àárín méjì tó le ni wọ́n máa ń fi í sí.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n wa wá dúró níwájú bàbá náà ní Sunday. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn.