Balùwẹ̀ tútù ní Leeds: èmi àti ọkọ ọmọ mi, ta ló jàre?

Ìyá Bíọ́dún, Òkè-Ìjẹ̀bú
Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ gbà mí. Ọmọ mi bímọ ní Leeds, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa gbéra lọ wẹ ọmọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń mú gbogbo ilé gbóná. Yàrá ń móoru, pálọ̀ ń móoru, àfi balùwẹ̀ nìkan tó dà bí inú fíríìjì. Mo ní kí wọ́n ra hítà oníná kékeré, kí wọ́n fa wáyà wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó dé. Ọkọ rẹ̀ ní rárá, pé èèwọ̀ ni. Èèwọ̀ ilé ta? Ṣé kì í ṣe ahun lèyí? Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí.

Ọmọ Ekimogun
Ahun pọ́ńbélé ni, Màmá. Ẹni tó rówó ṣe ìkómọ ni kò rówó hítà?

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀
Ẹ má bínú sí ọmọkùnrin yẹn, mà. Mo gbé Manchester fún ọdún 11 kí n tó padà wálé. Nínú balùwẹ̀ wọn, ẹ ò ní rí sọ́kẹ́ẹ̀tì lára ògiri, àfi ti ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n. Òfin iná wọn ni pé sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi mítà 2.5 jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ balùwẹ̀ ni kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kódà okùn ni wọ́n sábà máa ń fà láti tan gílóòbù, kí ọwọ́ tútù má baà kan swíìṣì. Hítà tó bá máa wà níbẹ̀, oníṣẹ́ iná ló máa kàn án mọ́ ògiri lókè, níbi tí omi kò lè ta dé. Èyí tí ẹ fẹ́ fa wáyà rẹ̀ wọlé yẹn, tó bá já sómi pẹ́nrẹ́n, ó parí.

Ọmọ Ekimogun
Ẹ̀gbọ́n, Oǹdó níbí la wà tí a ń ki irin oníná bọ omi garawa láràárọ̀. A ò kú.

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀
Àwọn tó kú kò sí níbí láti dá ọ lóhùn.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Erékèsán
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, wàhálà yín pọ̀. Ìdànrè ni mo ti bí àkọ́bí mi, nínú ọyẹ́, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, òtútù ń mú wa dé egungun. Ìyá ọkọ mi á finá sí èédú, á gbé àdògán sínú balùwẹ̀, á ti ilẹ̀kùn. Kí n tó wọlé, ó ti móoru bí ìdí ààrò. Kí wọ́n ra èédú!

Nọ́ọ̀sì Alágbàka
Háà! Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá ka ti Màmá yìí, kó má dán an wò, ì báà jẹ́ ní Leeds, ì báà jẹ́ ní Àkúrẹ́. Èédú tó ń jó níbi tí atẹ́gùn kò ti ráyè máa ń tú gáàsì kan sílẹ̀ tí kò lóòórùn, tí kò ṣeé rí. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ èèyàn, èébì á fẹ́ máa gbé e, á rẹ̀ ẹ́, oorun á kùn ún, oorun náà ló sì máa sùn lọ. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì kò lè sọ pé orí ń fọ́ òun. Balùwẹ̀ Ìdànrè ayé ìgbà yẹn, atẹ́gùn ń gba abẹ́ páànù wọlé, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Òun ló yọ yín. Ilé òyìnbó dí pinpin.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Erékèsán
Ó dáa, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ó móoru o.

Púlọ́ńbà Òkè-Àró
Ẹ fi hítà àti èédú sílẹ̀ ná. Kí ló dé tó fi jẹ́ balùwẹ̀ nìkan ló tutù? Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀, báwo lẹ̀rọ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀
Bọ́ílà kan ni, gáàsì ló sábà máa ń lò. Ó ń se omi gbóná, pọ́ǹpù ń tì í gba inú páìpù lọ sí irin pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan. Rédíétọ̀ nìyẹn. Omi á tú ooru sílẹ̀ níbẹ̀, á padà sí bọ́ílà, omi kan náà ló ń yí po. Ohun tó ń wọn ìgbóná ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí pálọ̀ ló sábà máa ń wà. Bí pálọ̀ bá ti gbóná tó, á ní kí bọ́ílà sinmi. Kò mọ̀ pé balùwẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Igun ilé sì ni balùwẹ̀ máa ń wà jù, ògiri rẹ̀ kọjú síta, táìsì ló wà nílẹ̀, fáànù tó ń fa oru omi jáde ń fa ooru mọ́ ọn.

Ilé tí a gbé, irin bí àkàbà ni ti balùwẹ̀ wa, tó ń dán gbinrin. Ó wu ojú, ṣùgbọ́n irin dídán bẹ́ẹ̀ kì í tú ooru sílẹ̀ tó èyí tí wọ́n kùn ní funfun. Ìyàwó mi á tún wá kó táwẹ̀lì mẹ́rin bò ó. Táwẹ̀lì ń jayé, àwa ń wayín keke.

Púlọ́ńbà Òkè-Àró
Ó ti yé mi. Ìyá Bíọ́dún, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ kan irin náà: ṣé ìsàlẹ̀ gbóná tí òkè tutù? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Bó ṣe ń há sí páìpù tiwa níbí náà nìyẹn, tí tánkì á kún tí omi ò ní dé ṣáwà.

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀
Ọ̀gá, iṣẹ́ yín nìyẹn! Ìdè kékeré kan wà ní igun òkè, ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí irin tutù, kí wọ́n rọra yí i. Á máa ṣe “ṣíì”. Bí omi bá ti yọ, kí wọ́n dè é padà. Kí wọ́n wá wo aago ara bọ́ílà tó ń wọn bí omi ṣe ń tì nínú rẹ̀ tó: nígbà tó bá tutù, ó yẹ kó wà láàárín 1 sí 1.5 bar. Bó bá lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, omi ló ń fẹ́.

Ọmọ Ekimogun
Gbogbo àlàyé yìí, torí owó hítà kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀
Rírà kọ́ ni ìṣòro, àbúrò. Yúníìtì iná kan níbẹ̀ wọ́n tó ìlọ́po mẹ́rin ti gáàsì.

Nọ́ọ̀sì Alágbàka
Ta ló tiẹ̀ ní dandan ni kí a wẹ ọmọ ní balùwẹ̀? Yàrá tó móoru ni kí ẹ gbé agbada omi lọ, kí ẹ ti fèrèsé. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù síi, kí ẹ tó fi gbígbóná là á. Ẹ fi ìgunpá tọ́ ọ wò.

Ìyá Bíọ́dún, Òkè-Ìjẹ̀bú
Nọ́ọ̀sì, orí kápẹ́ẹ̀tì ni n ó ti máa da omi sọ́mọ lára? Níbo ni n ó ti nà án, tí n ó fi adí àgbọn ra á?

Ìyá Bíọ́dún, Òkè-Ìjẹ̀bú (ọjọ́ kejì)
Ẹ ṣeun o. Táwẹ̀lì mẹ́ta ni wọ́n bá lórí irin náà. Òkè rẹ̀ tutù lóòótọ́. Ọkọ ọmọ mi yí ìdè yẹn, afẹ́fẹ́ jáde, balùwẹ̀ ti ń móoru. Ṣùgbọ́n omi dúdú bí ọṣẹ dúdú ló tú jáde sórí ẹní funfun tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, wọn ò sì tíì bára wọn sọ̀rọ̀ láti àná. Ọmọ Ekimogun, jọ̀ọ́, bá mi yọ “ahun” tí o kọ sókè yẹn, mo ti fi ojúewé yìí ránṣẹ́ sí ọkọ ọmọ mi.

Ọmọ Ekimogun
Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ ọ́.