Ẹ Má Fi Péńtì Bo Dẹ́ẹ̀kì Yín Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tá a jọ wà ní Amẹ́ríkà, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́: dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn pèpéle onípákó tó wà lẹ́yìn ilé yín, kò fẹ́ péńtì. Tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí ìsọmọlórúkọ àti ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde bá ti ń wọlé, onílé á yọjú sẹ́yìn, á rí i pé pákó ti ṣá, ó ti di àwọ̀ eérú. Ó di ilé ìtajà, ó di bọ́kẹ́ẹ̀tì péńtì tó ki. Kí ọdún tó yípo, péńtì ọ̀hún ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Ojú pákó nìkan ni péńtì ń bò. Omi á ṣì máa gba ojú ìṣó wọlé, á máa gba ibi tí wọ́n ti gé igi wọlé, kò sì ní rọ́nà jáde mọ́. Tí oòrùn bá mú un, péńtì á wú, á bó. Ibi tí kò bá bó gan-an ló burú jù, torí abẹ́ rẹ̀ ló ti ń jẹrà tẹ́nì kankan ò rí i.

Àwọ̀ eérú yẹn kì í ṣàìsàn rárá. Oòrùn ló ń jẹ ojú igi, tí òjò ń fọ èyí tó jẹ lọ. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ ha ibi kékeré kan wò, ẹ ó rí igi gidi lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, tí kọ̀ǹtírátọ̀ kan bá dúró sókè, tó na ìka sí pákó tó ṣá, tó ní gbogbo ẹ̀ ni ẹ máa wó, ẹ ní kó kọ́kọ́ wọ abẹ́ lọ ná.

Abẹ́ yẹn lọ̀rọ̀ wà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti súkúrúdíráfà. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ gún àwọn igi ìdábùú tó gbé pákó ró, ẹ gún ìdí òpó níbi tó ti kan ilẹ̀. Tí irin ò bá wọlé, ó dára. Tó bá wọlé wọ̀ọ̀, ẹ gbàgbé àwọ̀, káfíńtà lẹ máa pè. Igi tí wọ́n fi so dẹ́ẹ̀kì mọ́ ara ilé ni kẹ́ ẹ wò jù: bóòtì, irin tí wọ́n ń fi sípánà dè, ló yẹ kó dì í mú. Ìṣó lásán máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí igi ṣe ń wú tó ń súnkì.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, bálíkónì kan já ní Berkeley ní California níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣọjọ́ ìbí. Èèyàn 6 ló kú. Igi tó gbé e ró ti jẹrà. Àwa náà sì mọ bí òde tiwa ṣe ń rí! Dẹ́ẹ̀kì ilé níbí, wọ́n sábà máa ń kọ́ ọ láti gbé ìwọ̀n pọ́n-ùn 40 lórí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóòró. Ẹ jẹ́ kí Díjéè wá fi Fújì sí i, kí gbogbo ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti náwó fún ìyá ọmọ, lórí igi tí ìṣó méjì péré dì mú.

Tí abẹ́ bá le, ó ku fífọ̀. Pressure washer yẹn, ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi, ẹ rọra lò ó. Àwọn kan á yí i dópin, wọ́n á sún un mọ́ igi, omi á ya pákó ní jákujàku, á wá máa gún ọmọ lẹ́sẹ̀. Bílíìṣì náà ń ba igi jẹ́. Oògùn ìfọpákó tó ní sodium percarbonate, búrọ́ọ̀ṣì àti omi tó. Ibi tí ìpẹtà ìṣó bá ti sọ igi di dúdú, ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní oxalic acid ló ń ṣí i. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o.

Kẹ́ ẹ tó gbé sáńpépà, ẹ bèèrè ọdún tí wọ́n kan dẹ́ẹ̀kì náà. Títí di ìparí 2003, arsenic, májèlé kan, wà nínú oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀pọ̀ pákó ìta níbí. Eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń fà símú, ẹ má sì fi àjákù rẹ̀ dáná àsun láéláé.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i: tó bá fà á mu kíá, ó ti ṣe tán. Epo tí wọ́n fi ń pa igi, tó ń wọnú pákó, ni kẹ́ ẹ fi pa á, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nígbà tí oòrùn ò bá mú, kẹ́ ẹ sì nu èyí tí igi ò mu kúrò. Tó bá tún ṣá lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún pa á. Kò sí wàhálà à ń họ péńtì.

Àkísà tẹ́ ẹ bá fi nu epo yẹn, ẹ má ká a jọ sí gáréèjì. Epo linseed, tó máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ irú epo bẹ́ẹ̀, máa ń móoru fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, àkísà tó wà lókìtì sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta lọ́kọ̀ọ̀kan kó gbẹ, tàbí kẹ́ ẹ rì í sómi nínú agolo onírin tó ní ìdérí.