Ẹ̀ṣẹ́ ti kù bí òjò kí ìbọn tó dún

Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi. Bí ọ̀rọ̀ ogun Hitler bá délẹ̀, ohun tí kálukú máa ń wí ni pé Amẹ́ríkà ò fẹ́ dá sí i rárá, àfìgbà tí Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Hawaii, lọ́jọ́ 7 oṣù Kejìlá 1941. Òótọ́ ni, àmọ́ àbọ̀ òótọ́ ni. Ọkàn àwọn ará ibẹ̀ ti ń yí díẹ̀díẹ̀ tipẹ́, kì í sì í ṣe àwọn olóṣèlú ló ń yí i. Ìdí rédíò ni ẹ bá mi lọ.

Alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1938 ni, ní Yankee Stadium, New York. Èèyàn bí 70,000 ló kún ibẹ̀. Joe Louis, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Alabama, fẹ́ kojú Max Schmeling ará Jámánì. Ọdún méjì ṣáájú, Schmeling ti lù ú bolẹ̀ ní ráùǹdì kejìlá, àwọn Násì, ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, sì fi ìyẹn yangàn pé ẹ̀yà tiwọn ló ga jù. (Schmeling fúnra ẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Násì o, kódà Júù ni mánijà ẹ̀. Ta ló ráyè ìyẹn lálẹ́ ọjọ́ náà!) Agogo dún báyìí, Louis ò jẹ́ kó mí. Ẹ̀ṣẹ́ kan bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn, ọkùnrin náà fi igbe ta. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ó parí. Ẹni tó bá ní kóun lọ bu omi mu kóun tó wá jókòó ti rédíò, àbọ̀ ìjà ló máa bá, bó bá tiẹ̀ bá nǹkan kan.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Louis yìí kan náà, tí funfun àti dúdú jọ ń pariwo orúkọ ẹ̀, kò lè wọ ilé oúnjẹ àwọn òyìnbó jókòó jẹun ní Alabama tí wọ́n bí i sí. Nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942, àárín àwọn dúdú tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni wọ́n fi í sí. Àwọn tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ bú Hitler lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà nìyẹn. Ojú ò tiẹ̀ tì wọ́n.

Àwọn olóṣèlú ńkọ́? Láti 1935 ni wọ́n ti ń ṣòfin pé àwọn ò ní dá sí ìjà ilẹ̀ òkèèrè. Mi ò bú wọn ju bó ṣe yẹ lọ: ọmọ wọn tó lé ní 100,000 ló kú sógun àgbáyé àkọ́kọ́. Ààrẹ Roosevelt náà, nígbà tó ń wá ìbò ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní 1940, dúró ní Boston, ó ṣèlérí fáwọn òbí pé òun ò ní rán ọmọ wọn lọ sógun ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún kejì, ó bu ọwọ́ lu òfin tí wọ́n fi ń kó ohun ìjà fún Britain. Òṣèlú! Lóṣù Kẹjọ 1941 tí wọ́n fẹ́ fi kún àkókò àwọn ọmọ tí wọ́n ti kó sí bárékè, 203 sí 202 ni ìbò ilé aṣojú. Ẹnì kan ṣoṣo.

Gbogbo ìgbà yẹn, àwọn ọmọdé ti mọ ibi tí wọ́n wà. Ní ìparí 1940, kọ́míìkì Captain America, ìtàn alágbára kan tó ń jà fún Amẹ́ríkà, jáde, iṣẹ́ ọwọ́ Júù méjì, Joe Simon àti Jack Kirby. Èèpo ìwé náà ni kí ẹ wò: Hitler rèé, ẹ̀ṣẹ́ ti bà á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń ṣubú sẹ́yìn. Nǹkan bí ọdún kan kí Pearl Harbor tó ṣẹlẹ̀!

Lóṣù Kẹsàn-án 1941, àwọn sẹ́nétọ̀ pe àwọn onísinimá Hollywood wá jẹ́jọ́ pé wọ́n ń ti orílẹ̀-èdè sógun. Sẹ́nétọ̀ Gerald Nye ló ń sọ̀rọ̀ kíkan jù. Wọ́n ní kó sọ fíìmù tó ń bá wí gan-an, ó ní òun kì í rántí orúkọ fíìmù.

Ọ̀sán ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, Nye wà ní Pittsburgh níbi ìpàdé àwọn má-dá-sógun. Oníròyìn kan mú ìròyìn Hawaii wá bá a. Ó ṣì ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ fúngbà díẹ̀ kó tó sọ ọ́ fáwọn èrò.