Ẹgbẹ̀ta Ẹṣin Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì, Ọkọ̀ Ń Gun Ọkọ̀ Relé

Bí ẹ bá fẹ́ dá Bọ̀ọ̀dá Onítọ́bò mọ̀ láàrin èrò, ẹ má wulẹ̀ wo aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ ṣáà kí i. Ẹ ní, "Ṣé dáadáa ni?" Yóò ní dáadáa ni, ó ku díẹ̀ kí òun gbé boost, ìyẹn agbára tí tọ́bò fi ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, kúrò ní 1.2 bọ́ sí 1.6. Ẹ ò bi í léèrè ọkọ̀ o. Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní ọkọ̀. Kí ẹ tó mí kanlẹ̀, ó ti yọ fóònù, ó ń fi àwòrán irin kan hàn yín, irin tó ká kòrókòró bí ìkarahun ìgbín. Ẹ bá a yọ̀. Tọ́bò tuntun ni.

Ohun tó gbòde láàrin àwọn ọkùnrin tó lówó díẹ̀ tí wọn ò ní sùúrù rárá nìyí: kí èèyàn ra ọkọ̀ eré, kó tú u palẹ̀, kó tún un tò pẹ̀lú tọ́bò tó tóbi ju èyí tí ilé iṣẹ́ fi sí i lọ, kó wá máa gbé e lọ sí pápá eré ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí pápá fún gbogbo ayé. Ọjọ́ pápá ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ìdíje. Kò sí ife ẹ̀yẹ, kò sí ipò kìn-ín-ní. Èèyàn á sanwó, á sáré yípo, á darí sílé. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ dáa, tí táyà rẹ̀ dáa, tí ojú awakọ̀ rẹ̀ là, ti tó fún eré yẹn. Àmọ́ ohun tó rọrùn kì í dùn mọ́ bọ̀ọ̀dá wa.

Ká má purọ́ mọ́ tọ́bò, ọgbọ́n ńlá ni. Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ Switzerland, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún 1905. Èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù ló ní ká fi yí abẹ̀bẹ̀ kan. Abẹ̀bẹ̀ yẹn àti èkejì rẹ̀ jọ wà lórí ọ̀pá kan náà, èkejì á máa fa afẹ́fẹ́ tútù, á fún un pọ̀, á rọ́ ọ sínú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ púpọ̀, epo púpọ̀, agbára púpọ̀. Ìgbín yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n parí sí, àrùn ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àrùn náà ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1962, Oldsmobile ta Jetfire ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tí ará ìlú lè rà pẹ̀lú tọ́bò. Kí ẹ́ńjìnnì má baà máa nọ́ọ̀kì, ìyẹn kí epo má baà gbiná láìtọ́jọ́, wọ́n ṣe àgbá kékeré kan sí i fún omi tí wọ́n pò mọ́ methanol, wọ́n sọ omi náà ní Turbo-Rocket Fluid. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kan onímọ́tò ni kó máa rọ omi yìí sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ò rọ ọ́. Nígbà tó di 1973, BMW gbé 2002 Turbo jáde, wọ́n kọ orúkọ náà ní ìdodì sí abẹ́ búḿpà iwájú, kí ẹni tí wọ́n ń lé lè kà á geere nínú díńgí rẹ̀. Ariwo sọ, wọ́n ní kí ni irú ṣekárími báyìí. Ẹ ò rí i? Kí wọ́n tó bí bọ̀ọ̀dá wa ni wọ́n ti rán aṣọ rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká tẹ̀lé owó rẹ̀. Ó ra tọ́bò ńlá. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ máa ń gbóná, ó bá ra intercooler fẹ̀ǹfẹ̀ kan tí yóò máa tù ú lára kó tó wọlé. Intercooler dí iwájú redíétọ̀, omi ń hó, ó ra redíétọ̀. Afẹ́fẹ́ pọ̀, epo ò tó, ó ra injector tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Injector ń mu ju ohun tí páǹpù lè fà lọ, ó ra páǹpù. Kọ̀ǹpútà tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ò mọ ẹnì kankan nínú àwọn àlejò wọ̀nyí, ó ra ECU tuntun. Agbára dé, clutch ń yọ̀. Ó ra clutch tó le débi pé itan òsì rẹ̀ ti ń tóbi ju tọ̀tún lọ. Clutch ò yọ̀ mọ́, jíà ló ká eyín. Ó ra jíà. Jíà dúró, ọ̀pá tó ń yí táyà kán. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bọ̀ọ̀dá wa ti fi ẹ̀fà sílẹ̀ ó tó ọjọ́ mẹ́ta, kò tíì fojú kan èje.

Ẹ kíyè sí i pé n ò tíì dárúkọ bíréèkì. Òun náà ò tíì dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀kì yìí tún dùn ún gbọ́. Bí boost bá pọ̀ jù, tí ooru sì ju ohun tí epo lè gbà lọ, epo tó yẹ kó dúró de iná púlọ́ọ̀gì á kàn gbiná fúnra rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, á máa fi òòlù lu orí písítìn. Bó ṣe ń lù ú ni písítìn ń fọ́. Nítorí náà, bọ̀ọ̀dá ra písítìn forged, èyí tó lágbára gan-an. Àmọ́ písítìn wọ̀nyí máa ń wú bí wọ́n bá gbóná, ààyè tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún wọn máa ń jẹ́ kí wọ́n ró kọ́ kọ́ kọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù. Ìgbéraga bọ̀ọ̀dá nìyẹn. Ní kùtùkùtù, á sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á pe àwọn èèyàn jọ: "Ẹ gbọ́ ọ? Forged nìyẹn o!" Nígbà tó yá, kọ́nrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó gbé písítìn dúró, náà bẹ̀rẹ̀ sí í ró kọ́ kọ́ kọ́. Ó tún pe wá. A tún gbọ́. A tún kí i kú oríire. Ọjọ́ kẹta ni irin yọ orí láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń wo ìta.

Níbi dyno, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ọkọ̀, ni ẹ ó ti rí ìdùnnú rẹ̀. Wọ́n á de ọkọ̀ mọ́lẹ̀, táyà á máa yí lórí irin róbótó, ọkọ̀ á bú ramúramù, kò sì ní kúrò lójú kan. Nọ́ńbà á jáde, iye agbára ẹṣin tí ẹ́ńjìnnì ní. Nọ́ńbà yẹn ni oríkì rẹ̀ látòní lọ. Dyno kan ò sì bá èkejì mu. Ọkọ̀ kan náà lè gba nọ́ńbà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bọ̀ọ̀dá mọ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ti ibí bá kéré, yóò gbé e lọ sí tọ̀hún. Àwọn ará Japan ló mọ ọ̀rọ̀ í pa mọ́: láti 1989 títí di 2004, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ wọn jọ fẹnu kò pé àwọn ò ní pe agbára ọkọ̀ kankan kọjá ẹṣin 280, bẹ́ẹ̀ àwọn ọkọ̀ bíi Skyline GT-R jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ ń rẹ nọ́ńbà sílẹ̀, ẹni tó ra ọkọ̀ ń fi kún un. Kò burú.

Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Dádì, ìgbà wo gan-an ni ọkọ̀ yìí máa parí?" Ó ní, "Màmí, ó ku díẹ̀." Ìyàwó ò tún bi í mọ́. Ó ti mọ iye tí díẹ̀ jẹ́.

Ọjọ́ pápá wá pé. Ọkọ̀ bọ̀ọ̀dá gun orí ọkọ̀ míì dé, nítorí kò ṣe é wà lójú títì mọ́. Wọ́n pe awakọ̀ jọ láti ṣàlàyé òfin: ohun tí àsíá yẹ́lò ń wí, ohun tí pupa ń wí, ibi tí a ti lè kọjá lára ẹnìkejì. Bọ̀ọ̀dá dúró lẹ́yìn, ó ń ṣàlàyé wastegate, ilẹ̀kùn tó ń darí èéfín tó bá pọ̀ jù gba ẹ̀gbẹ́ tọ́bò, fún ẹni tí ò bi í. Ẹni tó ń wọn ariwo gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sídìí sàlẹ́ńsà rẹ̀, ó wo nọ́ńbà, ó mi orí. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó rò pé oríyìn ni. Ó di ìgbà tí wọ́n bá a wá páànù dí ẹnu sàlẹ́ńsà kó tó rí ọ̀nà wọlé.

Ojú ọ̀nà gbọọrọ ló ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Tọ́bò ńlá ò tíì jí. Èéfín gbọ́dọ̀ pọ̀ dáadáa kó tó lè yí i. Ó dúró. Ó tún dúró. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo ẹgbẹ̀ta ẹṣin já okùn, àmọ́ kọ́nà ti dé.

Mazda MX-5 kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní tọ́bò, bàbá àgbàlagbà kan tó wọ awò ló ń wà á. Gbogbo ohun tí bàbá yìí ṣe sí i ò ju páàdì bíréèkì, epo bíréèkì àti táyà lọ. Bí wọ́n bá dé kọ́nà, MX-5 á lẹ̀ mọ́ bọ̀ọ̀dá nídìí. Bí ọ̀nà bá tún là, bọ̀ọ̀dá á sá lọ tariwotariwo. Ní ọ̀pọ̀ pápá, ẹni iwájú ló máa fọwọ́ júwe kí ẹni ẹ̀yìn tó kọjá. Ọwọ́ bọ̀ọ̀dá ò kúrò lórí sitiarín. Ṣé ẹni tí òun ń fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà gbọọrọ ni òun tún máa yà fún?

Bíréèkì ló bá bàbá dá ẹjọ́ náà. Epo bíréèkì DOT 4 tó jẹ́ tuntun ò gbọdọ̀ hó kó tó kọjá ìwọ̀n 230 lórí Celsius. Àmọ́ ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bó bá sì ti fa omi tó, ìwọ̀n tí òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ò ju 155 lọ. Ti bọ̀ọ̀dá ti wà nínú ọkọ̀ láti ọjọ́ tí ó ti rà á. Epo hó, oru rẹ̀ kún inú páìpù, ó tẹ ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ọkọ̀ ń lọ. Inú koríko ló parí sí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹṣin kì í kọ koríko.

Kí ló ní ó fà á? Ó ní boost ò tó.

Olùkọ́ wà ní pápá o. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn, á fi ibi tí a ti ń tẹ bíréèkì hàn án, á ní kó gbé ojú sókè wo ibi tí kọ́nà parí sí. Owó rẹ̀ ò tó owó intercooler. Bọ̀ọ̀dá ní ó dùn òun, àmọ́ òun ti yọ àga ẹ̀gbẹ́ kúrò kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Òun náà ló ra bọ́nẹ́ẹ̀tì carbon kí ó lè dín kílò díẹ̀ kù. Ikùn tó gbé wọ ọkọ̀ ò sí nínú ìṣirò.

Ó wá ń tọ́ka sí Formula 1 fún mi, pé tọ́bò ni àwọn yẹn náà ń lò. Ó dáa. Renault gbé ọkọ̀ tọ́bò wá sí pápá Silverstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1977. Èéfín funfun tó máa ń rú jáde lára rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n sọ ọ́ ní ìkòkò tíì yẹ́lò. Ó di 1979, ní Dijon ní ilẹ̀ Faransé, kí Jean-Pierre Jabouille tó fi irú ọkọ̀ wọn gba ipò kìn-ín-ní. Odidi ilé iṣẹ́ nìyẹn, pẹ̀lú agbo ẹnjiníà, ọdún méjì gbáko. Bọ̀ọ̀dá wa ní àpótí sípánà àti ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń ráàyè lọ́jọ́ Sátidé.

N ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Mo mọ àwọn tó fi bíréèkì, táyà àti ohun tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kí boost wà níwọ̀n, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wa ọkọ̀ relé. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ lè má tiẹ̀ mọ̀ wọ́n.

Bọ̀ọ̀dá ti lẹ ìkéde báyìí: "Ọkọ̀ pápá, títà. Tọ́bò ńlá, forged, ECU tuntun, bọ́nẹ́ẹ̀tì carbon. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó ku díẹ̀ kó parí. Ẹ má wá ná an ní ìnákúnàá, mo mọ ohun tí mo ní." Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe bó bá tà. Ó ní òun ti san àsansílẹ̀ lórí òmíràn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú lóòótọ́, àmọ́ tọ́bò méjì ló ní.