Mo Ní Kí N Lọ Sinmi ní Bangkok

Ẹ̀yin ará ilé, tí ẹ bá ń gbé London bíi tèmi, tí ara sì ń béèrè ìsinmi níbi tó pa rọ́rọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sí Bangkok, olú ìlú Thailand. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé London: kí n má pariwo nínú ọkọ̀, kí n má wo ẹnikẹ́ni lójú, kí n tò sórí ìlà kódà bó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni mo dé. Bangkok fọ gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn dànù kó tó di ọ̀sán.

Ọ̀kadà tí ìjọba Èkó lé kúrò láwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní 2022, mo ti rí ibi tó sá lọ. Ẹnu àdúgbò ni wọ́n ń tò sí, wọ́n wọ àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Obìnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́ á fẹ̀gbẹ́ jókòó sẹ́yìn, á máa tẹ fóònù rẹ̀, ọlọ́kadà á sì gba àárín bọ́ọ̀sì méjì kọjá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá náà ò gbẹ́yìn. Tuk-tuk ni tiwọn ń jẹ́. Gósílóò ńkọ́? Èyí tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà Sukhumvit, ó kù díẹ̀ kí n yọ orí síta láti wá ẹni tó ń ta gàlá.

Lọ́jọ́ tí èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ wo Grand Palace, ìyẹn ààfin tí ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé Chakri bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1782 nígbà tó fi ibẹ̀ ṣe olú ìlú, ọkùnrin kan tó múra dáadáa dá wa dúró. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní áà, ààfin ò ṣí láàárọ̀ yìí, ètò ẹ̀sìn ń lọ lọ́wọ́, àfi tó bá di ọ̀sán. Ó ní àmọ́ òun lè bá wa pe tuk-tuk tó rọjú, tó máa gbé wa lọ wo ère kan, lẹ́yìn náà kó gbé wa yà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta òkúta iyebíye.

Ẹ̀yin èèyàn, inú mi dùn débi pé ó kù díẹ̀ kí n dì mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbìyànjú láti lù mí ní jìbìtì lójúkojú! Ní London, inú ímeèlì ni wọ́n ń gbà ṣe é, kò sí ẹ̀rín, kò sí ìkíni. Mo gbá a léjìká, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Òṣòdì ni mo dàgbà sí." Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Òṣòdì nínú ojú mi. Ó fi wá sílẹ̀, ó kọjú sí àwọn òyìnbó méjì kan.

Ààfin ṣí gbayawu. Ẹni tó bá ṣí èjìká tàbí orúnkún sílẹ̀ kò ní wọlé, bùbá àti ṣòkòtò àdìrẹ sì ni mo wọ̀. Àwọn òyìnbó oníṣòkòtò péńpé ni wọ́n ń dá padà, èmi ni wọ́n ń juwọ́ sí pé kí n máa bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń tò sórí ìlà nílùú òyìnbó, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ọmọ onílùú ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, àlejò ń san 500 baht, ìyẹn ò dùn mí rárá. Ó ti mọ́ wa lára. Ẹ bi ẹni tó bá ti san owó yunifásítì gẹ́gẹ́ bí àlejò.

Ohun tó fẹ́ dójú tì mí ni ìkíni wọn. Wọ́n á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà, wọ́n á tẹ orí ba. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì wa kí mi bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Haà! Àgbàlagbà tẹrí ba fún mi, kí n sì dúró gbagidi? Mo tẹ̀ ba jù ú lọ. Bàbá rí i, wọ́n tún tẹ̀ sí i. Èmi náà tún lọ sílẹ̀. Ọwọ́ mi ti ń wá ilẹ̀ tí màá fi dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ìyàwó mi pariwo, "Bàbá Ìbejì, ẹ dìde! Oúnjẹ ń tutù!"

Oúnjẹ yẹn náà ní ẹjọ́ tiẹ̀. Ìyá kan wà lẹ́bàá títì tó ń gún som tam nínú odó amọ̀ gíga kan: ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, áyù, ẹ̀pà, edé gbígbẹ, tòmátò, omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ọmọ odó lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣíbí lọ́wọ́ òsì, ó ń gún, ó ń rò. Nígbà tó kan tèmi, ó mú ata wẹ́wẹ́ ẹyọ kan, ó wo ojú mi, ó sì dá a padà sínú abọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo nawọ́ sí ata. Ó mi orí. Mo tún nawọ́. Ó fi ẹyọ kan sí i. Mo ní kó máa dà á lọ! Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán tí mo gbé abọ́ sẹ́nu fa omi rẹ̀, ó ti pe ìyá oníṣọ́ọ̀bù kejì wá wò mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí imú mi tó dí láti ìgbà òtútù London máa ṣí.

Ẹ wá wo níwájú ilé: ilé kékeré kan lórí òpó, ti àwọn ẹ̀mí tó ni ilẹ̀ ni. Fanta pupa ni wọ́n gbé síbẹ̀, wọ́n ti ṣí i, wọ́n sì ti ki sítíróò bọ̀ ọ́. Ní tiwa, epo pupa ni wọ́n ń gbé sí oríta, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ń fi ṣíbí sí i. Ìyàwó mi, tó jẹ́ ìyá ìjọ, ní kí n má wò ó. Òun ń wò ó. Ní ojúbọ Erawan tí wọ́n kọ́ ní 1956 nítorí pé àjálù ń dí iṣẹ́ kíkọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tí àdúrà rẹ̀ bá gbà lè háyà àwọn oníjó kí wọ́n wá jó ìdúpẹ́. Ọwọ́ mi ń yún mi láti ná wọn lówó. Ìyá ìjọ rọra bi mí pé, "Èló ni wọ́n ń gbà?"

Nírọ̀lẹ́, a lọ nasẹ̀ ní Lumphini Park. Aago mẹ́fà lù. Lójijì, gbogbo èèyàn dúró: ẹni tó ń sáré dúró, ẹni tó ń jẹun dìde. Mo ti fọwọ́ kan àpò mi wò bóyá pásípọ́ọ̀tù wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti gbé ìlú òyìnbó láìníwèé rí, ara rẹ̀ kì í gbàgbé. Àṣé orin orílẹ̀-èdè ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé e sí afẹ́fẹ́. Èmi náà dúró. Ohun kan ṣoṣo tó ń rìn ni awọ́nríwọ́n ńlá kan tó jáde látinú adágún, ó ń fa ìrù lọ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn bíi lándílọ́ọ̀dù. Ọbẹ̀ ata odidi mọ̀lẹ́bí ń kọjá lọ, orin ò sì tíì parí.

Mo pe ìyá mi ní Abẹ́òkúta lálẹ́. Wọ́n ní, "Kí ló wà níbẹ̀?" Mo ní ooru, ata, ọ̀kadà, ọjà, gósílóò. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "O wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wo gósílóò? Ọ̀nà Abẹ́òkúta ti dí ni?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mi ò gbọ́ yín mà.