Éfésù 6 kò parí sí ẹsẹ kẹta

Ẹ lọ síbi ìkórè àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò yín. Ọmọ ọdún mẹ́fà á gba máìkì, á ka àkọ́sórí rẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa gbọ́ ti àwọn òbí yín nínú Olúwa, nítorí pé èyí ni ó tọ́." Ìjọ á pàtẹ́wọ́, wọ́n á lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Èmi náà kà á bẹ́ẹ̀ ní kékeré. Nígbà tí mo di olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo fi kọ́ ọmọ àwọn ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó kíyè sí i pé n kò rí àgbàlagbà kan tó dìde ka ẹsẹ kẹrin rí.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti gbà pé ọmọ nìkan ni Bíbélì pàṣẹ fún nínú ilé, pé ti òbí ni kó sọ̀rọ̀, kó sì mú pàṣán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ kẹrin ní: "Ẹ̀yin baba, ẹ má ṣe mú àwọn ọmọ yín bínú, ṣùgbọ́n ẹ máa tọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ àti ìkìlọ̀ Olúwa." Kólósè 3:21 fi ìdí rẹ̀ kún un: kí wọn má baà rẹ̀wẹ̀sì.

Lábẹ́ òfin Róòmù ayé ìgbà náà, baba ló ni ẹ̀mí ọmọ rẹ̀. Ikú àti ìyè ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú baba bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí pé kó má ṣe mú ọmọ bínú. Òbí ló pè ní ẹsẹ kìíní. Nígbà tó kan títọ́, ó ní baba. Àwa tá a máa ń sọ pé ọmọ tó dáa, ti baba ni, èyí tí kò dáa, ti ìyá rẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká tún ẹsẹ yẹn kà. Owó ilé-ìwé tí baba san kò tíì parí iṣẹ́ náà.

Òwe 13:24 ńkọ́, pé ẹni tó fa pàṣán sẹ́yìn kórìíra ọmọ rẹ̀? Ó wà níbẹ̀. Ìbáwí wà nínú Bíbélì: Élì àlùfáà kò dá àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kun, Ọlọ́run sì dá ilé rẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí baba gbé ìbínú ibi iṣẹ́ wọlé, kó na ọmọ torí ó béèrè ọ̀rọ̀, kó fi í wé ọmọ aládùúgbò lójú àlejò, kó ní kò ní wúlò láyé, ìyẹn gan-an ni Pọ́ọ̀lù kà léèwọ̀. Ọmọ náà á ṣì máa dọ̀bálẹ̀ láràárọ̀, àmọ́ kò ní sọ ohun tó ń ṣe é fún yín mọ́. Bí wàhálà bá dé, ìta ló máa gbé e lọ. Àwọn àgbà wa mọ̀ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yẹn ni mo ń wá nínú ìwàásù wa.

Ní ìkórè tó ń bọ̀, mo ti bá àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi sọ ọ́: ọmọ á ka ẹsẹ kìíní sí ìkẹta, baba kan á sì dìde ka ẹsẹ kẹrin láìwo ìwé.